Ẹ̀rọ Ìgbàlódé Nínú Yàrá Ìkẹ́kọ̀ọ́: Ta Ni Yóò Jèrè Rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba nínú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lóde òní. Ẹni tí ó bá gba àdúgbò Gadumo kọjá ní ìrọ̀lẹ́, ní ìlú Lọ́kọ́jà tí í ṣe olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí, lè rí ọmọ tí ó gbé ìwé lé itan, kí ó sì tún rí èyí tí ó tẹjú mọ́ fóònù ìyá rẹ̀, tí ó ń wá ìdáhùn sí iṣẹ́ tí olùkọ́ fún un ṣe wá láti ilé. Nígbà tí àwọn bàbá-bàbá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní ilé-ìwé, sílétì àti ẹfun ni wọ́n mọ̀. Bí olùkọ́ bá sì ti sọ̀rọ̀, abẹ gé e nìyẹn. Lónìí, ọmọ lè lọ bi ẹ̀rọ bóyá òótọ́ ni olùkọ́ sọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ wá jẹun ní Lọ́kọ́jà, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n wà ní Kàdúná, Kánò, Jọ́ọ̀sì àti Àbújá, kò gbọdọ̀ fi ojú ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré wo èyí. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Ta ni ẹ̀rọ yìí yóò dé ọwọ́ rẹ̀? Kí ni yóò kù fún olùkọ́ ṣe bí ó bá dé? Èdè wo ni yóò sì fi bá ọmọ sọ̀rọ̀?

OHUN ÈLÒ TUNTUN KÌ Í ṢE ÀJÈJÌ SÍ LỌ́KỌ́JÀ

Bí a bá wo ẹ̀yìn wò, a ó rí i pé ìlú tí Odò Ọya ti pàdé Odò Bẹ́núè yìí ti rí irú àyípadà bẹ́ẹ̀ rí. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, wà nínú àwọn tí wọ́n bá ọkọ̀ ojú omi rin odò náà ní ọdún 1841, 1854 àti 1857. Ní ọdún 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Láàárín àwọn ọdún 1860 sí 1869 kan náà ni iṣẹ́ ìjọ CMS fìdí múlẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, tí ilé-ìwé sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Títí di òní, ilé-ìwé Holy Trinity tí ó wà nínú ìlú náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìhà Àríwá.

Ní àsìkò yẹn, ìwé títẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ tuntun. Ohun ìyanu ni pé kí bébà máa sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó ń wò ó. Ṣùgbọ́n Crowther kò ní kí ọmọ gbàgbé èdè ìyá rẹ̀ kí ó tó lè kàwé. Ní ọdún 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde. Ní ọdún 1857, ó gbé ìwé ABD jáde fún àwọn Ìgbò, nígbà tí ó sì di ọdún 1864, ìwé gírámà èdè Nupe tí ó ṣe dé ọjà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, ó sì rí i dájú pé èdè àwọn ènìyàn náà bá a wọlé. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún àwa ènìyàn òde òní.

Lẹ́yìn ìwé ni ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì dé, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kínní ọdún 1955, àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi. Nígbà tí wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán WNTV ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ọ̀kan nínú àwọn ìdí tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni kí ó lè ran ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Èrò náà dára. Àmọ́, ilé-ìwé tí kò ní iná mànàmáná kò lè jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iná yìí kò sì tíì tán lára wa.

LÁTI ỌPỌ́N ÌMỌ̀ DÉ BẸNÍN

Ní ayé kọ̀ǹpútà, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú gidi. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ìjọba Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá ṣe ìfilọ́lẹ̀ Ọpọ́n Ìmọ̀, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kó ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Wọ́n pinnu láti pín 150,000 rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga girama. Ọmọ kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti lò ó, nítorí gbogbo ohun tí ó yẹ ni ó ti wà nínú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fún un pàápàá wu ni: bí babaláwo ṣe ń tẹjú mọ́ ọpọ́n kí ó tó sọ̀rọ̀ ni ọmọ yóò ṣe máa tẹjú mọ́ tirẹ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ariwo Ọpọ́n Ìmọ̀ rọlẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí a fi ṣe àríkọ́gbọ́n ni pé ẹ̀rọ kì í ṣe àga onípákó tí a lè gbé kalẹ̀ kí ó pé 20 ọdún. Ojú rẹ̀ a máa fọ́, bátìrì rẹ̀ a máa kú, ìwé inú rẹ̀ a sì máa di ògbólógbòó. Ìjọba tí ó bá ra ẹ̀rọ láìya owó àtúnṣe sọ́tọ̀, bí ẹni tí ó ra ọkọ̀ tí kò ra epo ni.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀. Ní ọdún 2018, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ẹdó lábẹ́ Gómìnà Godwin Obaseki bẹ̀rẹ̀ ètò EdoBEST. Níbẹ̀, olùkọ́ ni wọ́n gbé ẹ̀rọ lé lọ́wọ́, kì í ṣe ọmọ. Inú ẹ̀rọ náà ni ẹ̀kọ́ òòjọ́ wà ní kíkọ sílẹ̀, olùkọ́ a sì máa tẹ̀lé e ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe irú rẹ̀, ó pè é ní EKOEXCEL. Kwárà náà ṣe tirẹ̀, ó pè é ní KwaraLEARN. Àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ sọ pé olùkọ́ kò lè wá sí kíláàsì láìmúra sílẹ̀ mọ́. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní ó ń sọ olùkọ́ di akàwé lásán, tí kò lè dúró kí ó ṣàlàyé fún ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò yé. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì.

OHUN TÍ AYÉ TI RÍ

Kì í ṣe ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Láti ọdún 2008 ni orílẹ̀-èdè Peru ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín kọ̀ǹpútà kéékèèké fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, èyí tí ó ju 800,000 lọ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì gbé àbọ̀ jáde ní ọdún 2012, wọ́n rí i pé ìmọ̀ ìṣirò àti ìwé kíkà àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti àwọn tí kò rí kọ̀ǹpútà gbà. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ẹ̀rọ dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkọ́ni kò yí padà. Orílẹ̀-èdè Sweden, tí ó jẹ́ ọlọ́rọ̀, padà sídìí ìwé títẹ̀ ní ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ibẹ̀ sọ pé àwọn ọmọdé ti ń tẹjú mọ́ ẹ̀rọ jù. Wọ́n ya owó sọ́tọ̀ láti fi ra ìwé fún àwọn ilé-ìwé.

Síbẹ̀, ẹyọ owó náà ní ojú kejì. Láàárín oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 2024, Báńkì Àgbáyé dán ohun kan wò ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama jọ lẹ́yìn àkókò ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tí ó ní ọgbọ́n àtọwọ́dá kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí wọ́n ṣe é jábọ̀ pé ìtẹ̀síwájú àwọn ọmọ náà pọ̀, tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí ọmọ ń kọ́ ní ọdún méjì, àti pé àwọn ọmọbìnrin ni ó jèrè jù. Ṣùgbọ́n kí òǹkàwé fi ojú sí ohun kan: olùkọ́ wà ní ìkàlẹ̀. Olùkọ́ ni ó ń sọ ohun tí wọn yóò bi ẹ̀rọ, òun náà ni ó sì ń tọ́ wọn sọ́nà.

Bí a bá gbé ti Peru sí ẹ̀gbẹ́ ti Ẹdó, ìyàtọ̀ hàn. Ní Peru, wọ́n gbé ẹ̀rọ fún ọmọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ní Ẹdó, wọ́n fi ẹ̀rọ kún olùkọ́. Ẹni tí ó bá ń rò pé fóònù olówó ńlá yóò rọ́pò olùkọ́ rere ń tan ara rẹ̀ jẹ. Àjọ UNICEF sọ ní ọdún 2022 pé nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 14, mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò lè ka gbólóhùn tí kò le tàbí ṣe ìṣirò kékeré. Ọmọ tí kò lè ka gbólóhùn lórí bébà kò ní lè kà á lójú ẹ̀rọ.

ÌDÁNWÒ TI DI TI KỌ̀ǸPÚTÀ

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan òbí jù ni ìdánwò. Àjọ JAMB bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò àwọn tí wọ́n fẹ́ wọ yunifásítì ní ọdún 2013, nígbà tí ọmọ ṣì lè yan bébà bí ó bá wù ú. Láti ọdún 2015, kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: èsì ìdánwò a máa tètè jáde, àtisọ ìwé ìbéèrè di ọjà títà sì ṣòro ju ti àtijọ́ lọ.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, gbogbo ayé rí ewu tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí èsì jáde, igbe ta. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, tí ó jẹ́ Akọ̀wé Àgbà àjọ JAMB nígbà náà, bọ́ sí gbangba, ó tọrọ àforíjì, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àṣìṣe wà nínú ẹ̀rọ ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ Ìlà-Oòrùn Gúúsù, nítorí pé àtúnṣe kan tí ó yẹ kí wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ náà kò dé ibẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ọmọ àti òbí pariwo, ta ni ìbá mọ̀ pé ẹ̀rọ ni ó gbé máàkì wọn mì? Ìjẹ́wọ́ ọ̀gá náà yẹ fún ìyìn, nítorí kì í ṣe gbogbo aláṣẹ ni ó lè gbà pé òun ṣì. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà a máa ṣì í ṣe, àti pé ó yẹ kí ọ̀nà wà fún ọmọ láti pe ẹjọ́.

Nísinsìnyí, WAEC àti NECO náà ti kọ ojú sí ọ̀nà kan náà. Ní ọdún 2024 ni WAEC kọ́kọ́ lo kọ̀ǹpútà fún àwọn tí wọ́n ń ṣe ìdánwò láìsí ní ilé-ìwé. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fẹ́ kí ìdánwò méjèèjì di ti kọ̀ǹpútà láti ọdún 2026. Nígbà tí ọdún 2025 fi ń parí, àwọn aṣojú-ṣòfin ní Àbújá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún un síwájú di ọdún 2030, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kò tíì ní kọ̀ǹpútà, iná àti àwọn olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Bóyá ó yá ni o, bóyá ó pẹ́ ni o, ibẹ̀ ni ọ̀nà dorí kọ.

Kí ni èyí túmọ̀ sí fún ọmọ tí ń gbé Gadumo? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìdánwò kò ní máa wọn ọpọlọ rẹ̀ nìkan mọ́, yóò máa wọn ìka ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n tí ó ń wá lẹ́tà kiri lórí kíbọọ̀dù bí adìyẹ tí ń ṣa ọkà, àkókò yóò tán mọ́ ọn lórí. Ọmọ ọlọ́rọ̀ tí ó ní kọ̀ǹpútà nílé yóò ti kọjá rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọpọlọ wọn dọ́gba. Àìṣe déédéé ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ pè é ní orúkọ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Ibùdó amúnáwá Geregu wà nínú Ìpínlẹ̀ Kogí níhìn-ín, ní ẹ̀gbẹ́ Àjàòkúta, kò jìnnà sí Lọ́kọ́jà. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá sún mọ́ odò ni ó ń rí omi mu. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí owó iná fún àwọn tí ó wà ní ìpele A gòkè láti Náírà 68 dé Náírà 225 lórí ìwọ̀n kan, ilé tí ó ní iná pàápàá ń ṣírò rẹ̀ kí ó tó tàn án. Omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022, tí ó bo apá púpọ̀ nínú Lọ́kọ́jà, tún rán wa létí pé ibi tí a gbé ẹ̀rọ olówó iyebíye sí nínú ilé-ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí omi kò lè dé.

ÈDÈ WO NI ẸRỌ YÓÒ SỌ?

Ìbéèrè kẹta ni ó kan ọmọ Yorùbá tí ń gbé ẹ̀yìn odi jù. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáradára ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní àárín ọ̀nà, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì bàjẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà fún ètò ẹ̀kọ́, Dókítà Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n padà sí.

Bí ilé-ìwé bá ti lọ sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ náà yóò tẹ̀lé e, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ó mọ̀ jù. Ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá ń kẹ́kọ̀ọ́ láti inú ohun tí àwọn ènìyàn bá kọ sílẹ̀. Ohun tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ bí iyanrìn òkun, ti Yorùbá kò tó nǹkan. Èyí tí ó sì wà, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò ní àmì ohùn. Bí a bá kọ "ọkọ" láìfi àmì sí i, báwo ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń gbé? Àìbìkítà wa nípa àmì ni ó ń sọ ẹ̀rọ di àjẹ̀jì sí èdè wa.

Ní ìlú tí èdè pọ̀ sí bíi Lọ́kọ́jà, tí Ìgalà, Ebira, Nupe, Hausa àti àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tí èdè wọn bá tiwa tan ti ń gbé papọ̀, ọmọ lè dàgbà láìgbọ́ Yorùbá ju ìkíni lọ. Bí fóònù tí ó ń fi kẹ́kọ̀ọ́ náà kò bá sọ Yorùbá sí i, ibo ni yóò ti gbọ́ ọ? Ilé nìkan ni ó kù.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìjọba ní tirẹ̀, òbí ní tirẹ̀. Ó yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ rí i pé ilé-ìwé girama kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀nba kọ̀ǹpútà tí ń ṣiṣẹ́ àti iná oòrùn tí yóò máa gbé e, kí wọ́n tó fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò fún ọmọ. Ó yẹ kí owó àtúnṣe wà lọ́tọ̀. Ó sì yẹ kí olùkọ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí a ó kọ́, kí ó má baà jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò máa fi ẹ̀rọ han olùkọ́.

Ní ti òbí, kò di ìgbà tí ó bá ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan ń dá owó fún ìnáwó àti ìsìnkú. Bí wọ́n bá dá èyí tí ó tó ra kọ̀ǹpútà àlòkù mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n sì bẹ ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀ ọ́n lò, àwọn ọmọ àdúgbò lè máa wá tẹ kíbọọ̀dù ní ọjọ́ Sátidé. Ibẹ̀ kan náà ni àgbàlagbà kan ti lè máa pa àlọ́ fún wọn ní Yorùbá, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ẹ̀rọ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ìgbàlódé báyìí ni ó ní kíbọọ̀dù Yorùbá, ó kàn jẹ́ pé púpọ̀ nínú wa kò tíì ṣí i ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà tí ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Kàbbà lè fi fóònù bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Gadumo sọ̀rọ̀ ní alaalẹ́, kí ó kọ́ ọ ní oríkì rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí lọ sí ẹ̀yìn odi kò ní irú àǹfààní yìí, lẹ́tà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́.

Ẹ̀rọ ti wọ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní jáde mọ́. Ẹni tí ó bá ń bá a jà, asán ni ìjà rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì gbé ọmọ rẹ̀ lé e lọ́wọ́ pátápátá, ọmọ náà yóò bọ́ sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn, ìwé dé etí odò Lọ́kọ́jà, ọmọ Yorùbá kan sì rí i pé èdè àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni ó kan ìran yìí lórí ẹ̀rọ, ọjọ́ ìdánwò kò sì ní dúró de ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀.